Òrùka Àṣìkẹ́ àti Aago Husain

Ilé Bàrúwà,
Ẹ̀yìn Mọ́sálásí Ọjà,
Ayétòrò,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kejìlá, 2024.

Ẹ̀gbọ́n mi Asiyah, ọmọ ìyá mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú àárò wa, ẹ sì kú ọ̀rọ̀ ẹni tó lọ yìí. Ṣé ara yín le? Ọkọ yín ńkọ́, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé fún wọn ní Àbíjàn níbẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́? Èyí tó kéré jù tó máa ń pè mí ní Tàǹtí lórí fóònù, ṣé ó ti ń gbọ́ Yorùbá díẹ̀ àbí Faransé nìkan ló ṣì kún ẹnu rẹ̀? Eékún tó máa ń dùn yín nígbà òjò ńkọ́? Mo bẹ Ọlọ́run kí ó dá yín sí fún wa. Àwa náà wà láàyè níbí, a sì dúpẹ́, àmọ́ n kò lè purọ́ fún yín pé a wà dáadáa.

Ẹ ti pè mí títí, ẹ kò sì gbọ́ ju “a wà ńbẹ̀” lọ lẹ́nu mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Bí mo bá ti gbọ́ ohùn yín, ẹkún ló máa ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi, Bàbá kì í sì í jìnnà sí ibi tí mo bá wà, n kò fẹ́ kí wọ́n máa gbọ́ ohun tí mo ń sọ. Ṣàíbù, ọmọ ilé kejì wa tó ń ná Àbíjàn, ló sọ fún mi pé òun máa gbéra láìpẹ́. Ni mo bá ní kí n jókòó, kí n kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, kí n fi rán an sí yín.

Ti Husain àbúrò wa, ẹ ti gbọ́ ọ, bí ọ̀kadà ṣe gbé e ṣubú nígbà tó ń ti Ẹ̀gùá bọ̀ pẹ̀lú ọjà rẹ̀, níbi tí àgbàrá ti jẹ ọ̀nà, tó sì gba ibẹ̀ kú. N kò ní tún ìyẹn sọ. Mo sì mọ̀ pé Bàbá ti sọ fún yín pé Àṣìkẹ́ ìyàwó rẹ̀ bímọ, pé ọmọ náà kò dúró. Wọn kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ tí wọ́n fi pa fóònù, mo wà níbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ṣẹlẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀.

Ẹ rántí pé aago ọwọ́ àti òrùka ni Husain ń tà níwájú ilé. Kì í kàn tà á fún ènìyàn kó ní kó máa lọ. Bí ṣéènì aago bá tóbi jù, á yọ díẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ okùn aláwọ ni, á fi ìṣó gbígbóná lu ihò mìíràn sí i. Ní ti òrùka, òwú ló fi máa ń wọn ìka. Kì í wọ̀n ọ́n láàárọ̀ nígbà ọyẹ́, ó ní òtútù máa ń jẹ́ kí ìka súnkì, pé bí oòrùn bá mú tán, òrùka tó bá a mu láàárọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fún un. Oríkèé ló sì máa ń wọ̀n, nítorí òrùka tí kò bá lè gba orí oríkèé kọjá, inú páálí rẹ̀ ló máa wà. Ẹ mọ̀ pé bí iléèwé tí mo ti ń kọ́ni bá ti gba ìsinmi, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo máa ń wá jókòó sí, bí èmi náà ṣe mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn.

Èmi gan-an ni mo bá a wọn ìka Àṣìkẹ́ kí wọ́n tó so yìgì. Husain kò fẹ́ kí ọmọ náà fura pé òun fẹ́ ra òrùka, ó wá bẹ̀ mí. Èmi àti Àṣìkẹ́ jọ ń ṣa ẹ̀wà lọ́jọ́ náà, mo bá fa òwú yọ létí ìró mi, mo ń fi wé e níka bí ẹni tó ń ṣeré. Ìka tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí ni. Nígbà tí òrùka fàdákà náà dé, ó wọlé sí i lọ́wọ́ bí ẹni pé orí ìka rẹ̀ ni wọ́n ti rọ ọ́, Husain sì fi ń yangàn fún gbogbo ẹni tó bá kí wọn.

Ẹ jẹ́ kí n wá sí ọ̀rọ̀ aago. Àwọn tó gbé Husain wálé ló bọ́ aago lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n fi lé Bàbá lọ́wọ́. Gíláàsì rẹ̀ sán, àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn tí a ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ tí àwọn èrò sì ti tú ká, Bàbá pè mí sínú yàrá wọn, wọ́n ní kí n bá àwọn dín ṣéènì rẹ̀ kù kí ó lè bá ọwọ́ àwọn mu. Ẹ̀gbọ́n mi, Bàbá ti rù. Nígbà tí mo fi aago náà sí wọn lọ́wọ́, ó yí po, ojú rẹ̀ bọ́ sí abẹ́. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo mú òòlù kékeré Husain àti irin wẹ́wẹ́ tó fi máa ń ti èèkàn inú ṣéènì jáde, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Àṣìkẹ́ jáde sí ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ opó lára. Oyún rẹ̀ ti wọ oṣù keje nígbà náà. Ó wo ohun tí mo ń ṣe, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dín in kù. Bí mo bá bí ọkùnrin, òun ni mo fẹ́ kó lò ó.”

Bàbá gbọ́ ọ láti yàrá. Wọ́n jáde síta, ojú wọn pọ́n. Wọ́n ní, “Ọmọ mi ni Husain kó tó di ọkọ rẹ. Ṣé ìwọ lo máa wá sọ fún mi bóyá kí n lo aago ọmọ mi àbí kí n má lò ó?”

Àṣìkẹ́ kúnlẹ̀ pẹ̀lú ikùn yẹn, ó ní, “Ẹ má bínú, Bàbá.” Ó dìde, ó wọlé. Mo parí aago náà, Bàbá sì wọ̀ ọ́.

Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ ò sí láàárín wọn mọ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́, á kúnlẹ̀ kí wọn láti ẹnu ọ̀nà, wọ́n á dá a lóhùn láìwo ojú rẹ̀, á sì padà sínú yàrá. Oúnjẹ tí mo bá gbé fún un, ìdajì rẹ̀ ni mo máa ń kó jáde. Mo rí i pé ojú rẹ̀ wú. Ojú gbogbo wa ló wú nínú ilé yìí lákòókò náà, ẹkún ni mo pè é.

Ìgbà tí Màmá Ìhunbọ, ẹ̀gbọ́n Bàbá, wá bá wa gbé ni wọ́n rí òrùka lọ́wọ́ Àṣìkẹ́. Wọ́n ní obìnrin tó wà nínú opó kì í lo ohun ọ̀ṣọ́, kó bọ́ ọ. Àṣìkẹ́ ní òun ti ń gbìyànjú láti bọ́ ọ, kò bọ́. Wọ́n ní kó fi ọṣẹ sí i, ó fi ọṣẹ sí i. Wọ́n fún un ní òrí, ó fi pa á. Ó ń fà á títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀, òrùka náà kò kúrò lójú kan. Màmá Ìhunbọ wá sọ fún mi nílé ìdáná pé ọmọ náà kàn ń ṣe orí kunkun ni, pé ẹni tó bá Bàbá du aago, ṣé òrùka ló máa wá yọ̀ǹda? Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí èmi lọ wò ó.

A ti kírun Àsárì tán nígbà tí mo wọlé lọ bá a. Ẹ̀bá fèrèsé ló jókòó sí, ó na ẹsẹ̀ sílẹ̀. Mo mú òwú dání, nítorí Husain ti fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń yọ òrùka tó há: a ó ti orí òwú kan bọ abẹ́ òrùka, a ó wá wé ìyókù mọ́ ìka pinpin títí yóò fi kọjá oríkèé, lẹ́yìn náà a ó máa tú u láti ìsàlẹ̀, òrùka á sì máa tẹ̀ lé e gòkè díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ nígbà tí mo di ọwọ́ Àṣìkẹ́ mú, ó dà bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni mo mú. Ìka tí mo fi òwú wọ̀n nígbà kan ti ki ju àtàǹpàkò mi lọ. Awọ rẹ̀ ń dán. Mo tẹ ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀, ibi tí mo tẹ̀ jin, kò sì tètè kún padà.

Mo ní, “Àṣìkẹ́, láti ìgbà wo?”

Ó ní, “Ó ti ṣe díẹ̀, Ẹ̀gbọ́n mi.”

“Ẹsẹ̀ rẹ ńkọ́?”

Ó ká ìró rẹ̀ sókè. N kò mọ ohun tí mo lè fi ẹsẹ̀ náà wé fún yín. Ó ní orí ń fọ́ òun, orí náà kì í sinmi, pé bí òun bá sì dìde lẹ́ẹ̀kan náà, ojú òun á máa ṣe winrinwinrin. Mo bi í léèrè pé kí ló dé tí kò sọ. Ó wo ilẹ̀. Ó ní, “Ta ni kí n sọ fún? Wọ́n á ní mo tún ti mú wàhálà mìíràn dé.”

Mo wé òwú náà, mo sì ń tú u. Ó fi eyín de ètè, kò ké. Òrùka náà bọ́, ó bó awọ oríkèé rẹ̀ lọ díẹ̀. Mo dì í sí etí ìró mi, mo sì sáré jáde, nítorí ọ̀rọ̀ òrùka ti kúrò lọ́kàn mi. Èmi náà bí ọmọ, ẹsẹ̀ mi wú nínú oyún, kò wú bẹ́ẹ̀ yẹn.

Màmá Ìhunbọ ní aboyún wo ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í wú, pé ìbànújẹ́ ló kàn ń bá a jà, kí a má mú obìnrin inú opó jáde síta nígbà tí ilẹ̀ ti ń ṣú lọ. Mo yíjú sí Bàbá. Mo ní, “Bàbá, ẹ wọlé, ẹ fi ojú ara yín wo ọwọ́ rẹ̀.” Wọn kò tíì wọ yàrá yẹn láti ìgbà tí wọ́n ti gbé òkú Husain jáde. Wọ́n wọlé. Wọn kò pẹ́ níbẹ̀, àwọn fúnra wọn ló jáde lọ pe Ridwanullah, ará àdúgbò wa tó ní mọ́tò, pé kó gbé wa lọ sí Ìlarò.

Orí itan mi ni Àṣìkẹ́ gbé orí lé lẹ́yìn ọkọ̀, Bàbá wà níwájú. A kò tíì dé Ìlarò tí gìrì fi mú un. Ẹ̀gbọ́n mi, n kò rí irú rẹ̀ rí, n kò sì fẹ́ rí i mọ́. Ridwanullah ń wa ọkọ̀ náà bí ẹni tí ẹ̀mí tirẹ̀ náà wà nínú rẹ̀, Bàbá ń pe orúkọ Ọlọ́run. Nígbà tí a gbé e dé ọsibítù, wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, dókítà obìnrin tó dá wa lóhùn kò jẹ́ kí a jókòó. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún ni, pé ó ti ga débi tó lè pa ìyá, pé àfi kí àwọn gbé ọmọ jáde lójú ẹsẹ̀. Ó bi Bàbá bóyá wọ́n gbà. Bàbá ní, “Ẹ bá mi gba ẹ̀mí ọmọ mi là.” Àṣìkẹ́ ni wọ́n pè bẹ́ẹ̀. Mo gbọ́ ọ dáadáa.

Ọkùnrin ni ọmọ náà. Ó ké, àmọ́ ohùn rẹ̀ kò jáde tó. Wọ́n gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé, wọ́n gba Bàbá láyè láti pe ìrun sí i létí, wọ́n sì sọ ọ́ ní Abdulkabir. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ó ti lọ. Àwọn nọ́ọ̀sì náà gbìyànjú, n kò ní pa irọ́ mọ́ wọn. Bàbá kò jẹ́ kí ẹlòmíràn wẹ̀ ẹ́. Wọ́n wẹ̀ ẹ́ fúnra wọn, Ridwanullah gbé wọn padà wá sílé, wọ́n sì sin ín sí ẹ̀gbẹ́ Husain. Èmi kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn Àṣìkẹ́, nítorí kò tíì mọ ibi tó wà. Ìgbà tó lajú, ikùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Èmi ni mo sọ fún un. Kò sunkún. Ó yí ojú sí ògiri, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi gbé oúnjẹ wá tí wọ́n tún gbé e padà.

Nígbà tí wọ́n dá wa sílẹ̀ tí a padà délé, Ààfáà ní opó rẹ̀ ti parí, pé ọjọ́ tí aboyún bá bímọ ni opó rẹ̀ máa ń tán. Màmá Ìhunbọ wá jókòó tì í, wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n sì ń sunkún. Wọ́n ní kí n gbé òrùka rẹ̀ wá. Ẹ wò ó, wíwú ara rẹ̀ ti fà, ó tún ti rù kọjá bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Mo fi òrùka náà sí i, ó yọ̀ jáde fúnra rẹ̀, ó bọ́ sórí ẹní. Mo wé òwú funfun sí inú rẹ̀, mo fi ìda pa á kí omi má bàa tú u, mo tún un wọ̀n, mo tún un wé, kó tó dúró. Ọ̀sán ni mo wọ̀n ọ́n, bí Husain ṣe máa ń ṣe.

Lọ́jọ́ kejì Bàbá wọlé, wọ́n bọ́ aago kúrò lọ́wọ́, wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Wọ́n sọ fún mi pé kí n dín in kù sí i, kí ó lè bá ọwọ́ Àṣìkẹ́ mu, wọ́n sì jáde. Mo ń wá òòlù ni Àṣìkẹ́ bá ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn ẹyọ ṣéènì tí ẹ yọ lọ́jọ́sí dà?” Inú agolo mílíìkì ni mo kó wọn sí. Ó ní kí n dá gbogbo wọn padà. Mo ní yóò tóbi jù fún un. Ó ní òun mọ̀. Mo dá wọn padà lẹ́yọ lẹ́yọ. Aago náà kò bá a mu rárá, bó bá gbé ọwọ́ sókè, á yọ̀ lọ dé ìgbọ̀nwọ́. Ó ní bí ó ṣe wà lọ́wọ́ Husain nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni òun ṣe fẹ́ ẹ.

Ìyá rẹ̀ ti wá láti Ìmàṣàyí, wọ́n fẹ́ mú un lọ sílé. N kò lè dá wọn lẹ́bi. Bàbá ní bó bá fẹ́ lọ, àwọn á mú un lọ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bó bá sì fẹ́ dúró, yàrá rẹ̀ ni yàrá rẹ̀. Àṣìkẹ́ kò tíì dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Bó bá yá kó lọ, ilé yìí máa ṣófo jù fún Bàbá, èmi náà sì ní ilé ọkọ tí mo gbọ́dọ̀ padà sí.

Ọ̀kan ló kù tí mo fẹ́ sọ. Lánàá, mò ń di irun fún un ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá ń ṣe àlùwàlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Láti ìgbà tí a ti dé, Àṣìkẹ́ kò tíì sọ̀rọ̀ ọmọ náà rárá, àfìgbà tó ṣàdédé ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló jọ?”

Ẹ̀gbọ́n mi, n kò rí ojú ọmọ náà. Aṣọ tí wọ́n fi wé e ni mo rí. Mo ní, “Husain ni.”

Ó ní, “Níbo?”

Ọwọ́ mi dúró nínú irun rẹ̀. Bàbá gbé búútà sílẹ̀. Wọ́n ní, “Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́, Àṣìkẹ́. Etí rẹ̀ ni. Ó ta síwájú bíi ti bàbá rẹ̀. Irun rẹ̀ sì ti kún, ó wálẹ̀ dé iwájú orí.”

Àṣìkẹ́ yí gbogbo ara rẹ̀ sí wọn. Ó ní, “Ẹ tún un sọ, Bàbá.”

Bàbá wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, omi àlùwàlá ṣì wà lápá wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí nọ́ọ̀sì gbé ọmọ náà fún wọn, wọ́n sọ ojú rẹ̀, wọ́n sọ ọwọ́ rẹ̀, wọ́n sọ bí ó ṣe wúwo tó lápá wọn. A gbọ́ ìkámà láti mọ́sálásí pé ìrun ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Bàbá kò dìde.

N kò bi wọ́n lẹ́yìn náà bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́. Ẹ̀yin náà, bí ẹ bá dé, ẹ má béèrè.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín dáadáa, ẹ fi ẹnu kan àwọn ọmọ lẹ́rẹ̀kẹ́ fún mi. Màmá Ìhunbọ ní kí n kí yín. Bàbá kò mọ̀ pé mò ń kọ̀wé, àmọ́ orúkọ yín kì í wọ́n lẹ́nu wọn. Bí ọ̀nà bá lè là fún yín rárá, ẹ wá.

Èmi ni àbúrò yín tó ń wọ̀nà fún yín,
Sẹ̀kínát.